Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Tó Ti Gbó: Bí Ẹ Ṣe Máa Tú U, Tí Ẹ Máa Tún Un Tò

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan gàrí ní Àgọ́-Ìwòyè, Odògbólú títí dé Ìpẹru, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tẹ́ ẹ ní tírákítọ̀ kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ tì, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ́ńjìnnì yín bá ń yọ èéfín tí kò lágbára mọ́ tí wọ́n wá ní ó ti kú, ẹ má tíì ra tuntun. Ó lè jẹ́ ríìngì (òrùka irin tó yí pístìn ká, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì) àti gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tí wọ́n fi ń dí àárín irin méjì kó má jò) nìkan ló ń fẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó náwó.

Èéfín dúdú? Ẹ kọ́kọ́ wo fíltà, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ti dí i nìyẹn. Tó bá jọ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí tíì kan sínú ihò rẹ̀, ẹ dá a padà kí ẹ fa okùn, tó bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ríìngì tàbí síléńdà (ihò tí pístìn ń rìn nínú rẹ̀) ni, tí kò bá yàtọ̀, ẹ wo fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, tó sì ń jẹ́ kí èéfín jáde).

Ẹ má tú u lọ́jọ́ tí ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀ o. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fà tu kì í ju ọjọ́ 2 sí 3 lọ kó tó máa bàjẹ́, ìkánjú yẹn ló ń jẹ́ kí mẹkáníìkì to nǹkan láìwọ̀n ọ́n.

Ẹ yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì ná, ẹ da ọ́ìlì jáde nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ gún ihò sí páálí, kí ẹ fi bóòtù kọ̀ọ̀kan há a bó ṣe wà lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò. Ẹ má fi hámà lu fláìwíìlì (irin ńlá roboto tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì), púlà (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa nǹkan yọ) ni kí ẹ fi fà á, torí mágínẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ ló ń mú iná wá. Kí ẹ tó yọ káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), ẹ wo àmì tó wà lára gíà rẹ̀ àti ti kíránkì (ọ̀pá tí pístìn ń yí), wọ́n gbọ́dọ̀ kọjú síra nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà.

Ibi wíwọ̀n gan-an rèé. Lára ẹ́ńjìnnì Honda GX160 tó pọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ ti ríìngì sínú síléńdà, ẹ fi orí pístìn tì í kó tẹ́jú, kí ẹ fi fílà géèjì (irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wọn àlàfo ẹnu rẹ̀: tuntun máa ń wà láàárín 0.2 sí 0.4 mm, tó bá ti lé ní 1.0 mm, ó ti tán. Inú síléńdà tuntun jẹ́ 68 mm, tó bá ti fẹ̀ ju 68.165 mm lọ, owó ríìngì tuntun á ṣòfò ni, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù kí wọ́n bóò ó, ìyẹn kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ sí i, kí ẹ wá ra pístìn tó tóbi jù tẹ́lẹ̀.

Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gbogbo ẹ̀, ẹ nù ún gbẹ. Tẹ́ ẹ bá ń tò ó, ẹ fi ọ́ìlì pa gbogbo ibi tó ń fara gbora, ẹnu ríìngì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò gbọdọ̀ wà lójú kan náà, àmì orí pístìn gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ọ̀pá fáàfù wà. Bóòtù kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so pístìn mọ́ kíránkì) 12 Nm (Nm ni òṣùwọ̀n bí wọ́n ṣe ń de bóòtù le tó), ti orí síléńdà 24 Nm, ẹ dè é ní ìdàkejì síra wọn, díẹ̀díẹ̀, tọ́ọ̀kì réńṣì (sípánà tó ń fi Nm hàn) ni o, kì í ṣe agbára apá. Nígbà tó bá tutù, àlàfo fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ 0.15 mm, ti èéfín 0.20 mm.

Ẹ gbé e sórí ibi tó tẹ́jú, torí kọ́nrọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ń fọ́n ọ́ìlì káàkiri, tó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò ní bá a. Lẹ́yìn wákàtí 20 iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo wákàtí 100. Ẹ máa fi ọṣẹ fọ fóòmù fíltà, ẹ máa gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára síléńdà. Ọ́ìlì àtijọ́ ọ̀hún, inú kẹ́ẹ̀gì ni kẹ́ ẹ rọ ọ́ sí, ẹ má dà á sẹ́bàá kànga tàbí odò tẹ́ ẹ ti ń fọ ẹ̀gẹ́.