Bí A Ṣe Lè Fi Ìtóbi, Èròjà àti Òòfà Oòrùn, Ayé àti Òṣùpá Wéra

Lójú ẹni tó wà lórí ilẹ̀, Oòrùn àti Òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Ohun tó fà á ni pé ìdábùú Oòrùn tó ìlọ́po 400 ti Òṣùpá, ó sì tún jìnnà sí wa tó nǹkan bí ìlọ́po 390 ibi tí Òṣùpá wà. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ojú lásán díwọ̀n wọn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe àwòrán wọn.

Ayé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdábùú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 12,742. Ẹ fi amọ̀ ṣù ú róbótó, kí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré. Òṣùpá, tí ìdábùú tirẹ̀ jẹ́ kìlómítà 3,474, yóò kéré débi pé orí ìka méjì ni ẹ ó fi yí i, nítorí kò ní ju mìlímítà 2.7 lọ, ẹ gbé e sí ibi tó jìnnà sí Ayé ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ní ti Oòrùn, ẹ kan ìṣó mọ́lẹ̀, ẹ so okùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 54.5 mọ́ ọn, ẹ so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ẹnu okùn kejì, kí ẹ sì fà á yípo. Òbírí tó bá jáde fẹ̀ ní ìlọ́po 109 ti Ayé. Nǹkan bíi mítà 117 ló yẹ kó wà láàárín rẹ̀ àti amọ̀ yẹn, mo sì rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín, torí ẹni tó bá rìn ín ni bí òfuurufú ṣe ṣófo tó máa ń yé.

Ìtóbi nìkan kò sọ bí èròjà tó kóra jọ sínú nǹkan ṣe pọ̀ tó. Inú Oòrùn ìbá gba Ayé bíi mílíọ̀nù 1.3, síbẹ̀ èròjà rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìlọ́po 333,000 ti Ayé lọ, nítorí gáàsì háídírójìn àti hílíọ́ọ̀mù tó gbóná janjan ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nígbà tí Ayé jẹ́ àpáta àti irin. Èròjà Ayé, ní tirẹ̀, jẹ́ ìlọ́po 81 ti Òṣùpá.

Ibi òòfà, ìyẹn agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà, tí wọ́n ń rò pé òòfà orí ilẹ̀ Ayé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 81. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí bí nǹkan róbótó bá ṣe tóbi tó ni ẹni tó dúró lórí rẹ̀ ṣe ń jìnnà sí àárín gbùngbùn rẹ̀, jíjìnnà yìí a sì máa dín òòfà kù. Ìṣirò rẹ̀ rèé: ẹ mú ìlọ́po èròjà, ẹ fi ìlọ́po ìdábùú pín in, kí ẹ sì tún fi iye kan náà pín èsì rẹ̀. Ìdábùú Ayé jẹ́ ìlọ́po 3.67 ti Òṣùpá. Ẹ fi 3.67 pín 81, ẹ ó rí nǹkan bíi 22. Ẹ tún fi 3.67 pín 22, ẹ ó rí 6: òòfà orí ilẹ̀ Ayé jẹ́ ìlọ́po 6 ti Òṣùpá. Fún Oòrùn, ẹ fi 109 pín 333,000 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí 28: òòfà rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 28 ti Ayé.

Ẹ wá mú ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60 lórí ilẹ̀ Ayé. Bó bá gun òṣùwọ̀n náà lórí Òṣùpá, 10 ni yóò fi hàn. Bó bá sì ṣeé ṣe láti dúró lójú Oòrùn, tí kò ní ilẹ̀ líle kankan, yóò fi 1,680 hàn. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èròjà ara ẹni náà kò dín, kò sì lé: kìlógíráàmù 60 náà ni.