Àtàǹpàkò Ọmọ Tó Ń Fọn Kílárínẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ kílárínẹ́ẹ̀tì, irú fèrè gígùn kan, nínú báńdì ìjọ tàbí ti ilé ìwé, bó bá ti fọn ún tán, ẹ pè é kí ẹ wo àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo wo ti ọmọkùnrin kan tí mò ń kọ́, ọmọ ọdún 10: ojú ibi tí irin ẹ̀yìn kílárínẹ́ẹ̀tì ti ń tẹ̀ ẹ́ ti jìn wọnú ẹran, ó pọ́n yòò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé bó ṣe máa ń rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

Kílárínẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ ń lò wúwo tó gíráàmù 750 sí 800, àtàǹpàkò ọ̀tún ló sì ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ òsì tó wà lókè ni kó máa dí ihò. Ẹ ní kí ọmọ fọn ohùn G tí gbogbo ihò ń ṣí sílẹ̀ fún, ẹ ó rí i pé àtàǹpàkò yẹn àti ẹnu nìkan ló kù tó di ohun èlò náà mú.

Ibi tí wọ́n kan irin kékeré tí àtàǹpàkò ń gbé e lé mọ́ ló ń fa wàhálà jù. Lára ọ̀pọ̀ kílárínẹ́ẹ̀tì, ó ti lọ sílẹ̀ jù fún ọwọ́ ọmọdé. Ó yẹ kí àtàǹpàkò dojú kọ ìka ìlábẹ̀, tàbí àárín ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín. Bó bá lọ sílẹ̀ títí dé ọ̀gangan ìka òrùka, ọrùn ọwọ́ á wọ́, àtàǹpàkò á sì máa nà tantan. Bí irin náà bá ní síkúrù, ẹ tú u díẹ̀, ẹ gbé e sókè, kí ẹ tún dè é. Bí kò bá ní, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún ohun èlò orin ṣe. Ti ọmọkùnrin yẹn, ìwọ̀n ìbú ìka kan péré la fi gbé e sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dẹ̀ lójú mi.

Ẹ̀gbẹ́ èékánná ni kí irin ti kan ọwọ́, kó má kọjá oríkèé. Kí àwọn ìka yòókù tẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn di ọsàn mú, kí ẹran orí ìka dí ihò, kí ọrùn ọwọ́ gún. Kí àtàǹpàkò òsì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kó lè dí ihò tirẹ̀ kí etí rẹ̀ sì tún kan kọ́kọ́rọ́, ìyẹn irin tí wọ́n ń tẹ̀, tó wà lókè ihò náà.

Okùn tí wọ́n ń fi gbé kílárínẹ́ẹ̀tì kọ́ ọrùn wà, ẹ rà á. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ló ń lò ó. N kò gbà, nítorí ọwọ́ ọmọ ṣì ń dàgbà. Rọ́bà tí wọ́n ń fi bo irin dára, àmọ́ kò dín ìwúwo kù, títẹ̀ tó ń tẹ awọ ara nìkan ló ń dín kù.

Kí ọmọ sinmi lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, kó gbé e sílẹ̀ pátápátá, kó gbọn ọwọ́.

Bí ìdí àtàǹpàkò bá ń dùn ún nígbà tó ń ṣí ìdérí ìgò, tàbí tí ọwọ́ ń kú tipiri, ó ṣeé ṣe kí iṣan tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá ti wú. Ẹ má fi àbóníkí pa á kó tún padà lọ fọn ún lálẹ́ ọjọ́ náà. Kó dáwọ́ dúró ná, kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.