Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ tó fẹ́ gboyè kejì nínú eré orí ìtàgé

Àkókò ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀kọ́ yìí máa ń jẹ ju owó lọ. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Adó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé a wo àtẹ àkókò kíláàsì, wọn a rí i pé ọjọ́ méjì péré ni lọ́sẹ̀, wọn a ní àwọn á máa bá iṣẹ́ lọ. Wọn ò bèèrè rìhásà. Bí ọjọ́ eré bá ti ń sún mọ́lé, alaalẹ́ ni rìhásà, ó sì lè kọjá aago mẹ́sàn-án. Tísà tó ń ti Adó gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti Iléṣà lọ kàwé ní Ilé-Ifẹ̀ kò lè darí wálé lóru kó tún wà níwájú ọmọ iléèwé láàárọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó ìgbàwọlé, ẹ bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ pé oṣù wo ni eré máa ń bọ́ sí, kẹ́ ẹ wá gba ìsinmi ẹnu iṣẹ́ yín sí oṣù náà.

Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni owó alájẹṣẹ́kù. Èèyàn á yá a, á fi sanwó iléèwé, á wá gba àyè ìkẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó oṣù nínú. Láti orí owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ gbèsè náà; bí owó oṣù bá dúró, ọrùn àwọn onídùúró ló bọ́ sí. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ ná, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá owó oṣù á máa wọlé, kẹ́ ẹ tó yá kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá kì í ṣe àṣẹ.

Ẹ má fi oṣù mẹ́fà lé owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe tiyín. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ni TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ń rán lọ kàwé, ilé-ẹ̀kọ́ wọn ló sì ń fa orúkọ wọn kalẹ̀. Tísà girama ò sí níbẹ̀. Ti ẹ̀kọ́ epo rọ̀bì ni PTDF, àjọ ìjọba àpapọ̀ míì. Chevening, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ò yọ eré orí ìtàgé sílẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ wákàtí 2,800 lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àti iṣẹ́ aláàbọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń kà, ọ̀pọ̀ òṣèré ni kò sì mọ̀, wọn a kan jókòó.

Ẹni tó ń lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì a máa rò pé òun á fi eré ṣíṣe gbọ́ bùkátà. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà á: iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí iléèwé bá wọlé, ẹ ò sì gbọdọ̀ gba iṣẹ́ òṣèré tí kì í ṣe ara ẹ̀kọ́ yín tàbí kẹ́ ẹ dá iṣẹ́ ṣe. Alága ìdúró lóde ìgbéyàwó, tó dùn mọ́ni tó sì ń mówó wá, wà nínú èyí tó léèwọ̀. Owó ìgbọ́bùkátà tẹ́ ẹ máa fi hàn fún físà gbọ́dọ̀ pé nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 láìdín. Bẹ́ ẹ bá yọ díẹ̀ nígbà tó pé ọjọ́ 20, tó sì dín sí iye tí wọ́n béèrè, ẹ óò tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.