Ọmọ ajá tó ń tọ̀ sínú ilé: ẹ ka èyí kí ẹ tó pè mí

Ìgbógbò, l'Ìkòròdú, ni mo ti ń sin ajá, tí mo sì ń ta ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni wọ́n fi ń pè mí jù. Ẹlòmíì á ní ajá náà ò gbọ́n, ẹlòmíì á ní kí n wá gbé e. Ìbéèrè kan náà ni, ohùn ló ń yàtọ̀, ẹnu mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó mú ẹgba.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ oṣù méjì ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé láti ìta ni, ó tún ti tọ̀.

Ìdáhùn: Àpòòtọ̀ rẹ̀ ṣì kéré. Lójú mọmọ, ẹ máa ka wákàtí 1 sí oṣù kọ̀ọ̀kan tó ti lò láyé: olóṣù 2, wákàtí 2, olóṣù 3, wákàtí 3. Ẹni tó jáde ní ìdájí lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 wá dá dúró di alẹ́, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí ajá. Kó wá ẹni tí yóò máa gbé e jáde.

Ìbéèrè: Ìgbà wo gan-an ni kí n máa gbé e jáde?

Ìdáhùn: Bó bá jí. Bó bá jẹun tán. Bó bá ṣeré tán. Kí ẹ tó sùn, àti lẹ́ẹ̀kan láàárín òru. Bó bá ń gbóòórùn ilẹ̀ tó sì ń yí po, ẹ má pè é, ẹ gbé e. Ẹ fún un lóúnjẹ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Oúnjẹ tó bá wà nílẹ̀ látàárọ̀ di alẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ náà ò ní mọ àkókò.

Ìbéèrè: Mo nà án, mo fi imú rẹ̀ ra ìtọ̀ náà, kò gbọ́.

Ìdáhùn: Ẹ jáwọ́. Ìtọ̀ tó ti tọ̀ sílẹ̀ tipẹ́, kò mọ̀ pé torí rẹ̀ lẹ fi ń nà án. Ẹ̀yin ni yóò máa bẹ̀rù, ẹ̀yìn àga àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni yóò sì máa lọ tọ̀ sí. Bí ẹ bá ká a mọ́ ọn, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e síta. Bó bá tọ̀ síbẹ̀, ẹ yìn ín, ẹ fún un lẹ́ja díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, níta níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti fi Hypo àti Izal fọ ilẹ̀, ibẹ̀ náà ló ṣì ń padà sí.

Ìdáhùn: Imú tiyín ni kò gbọ́ òórùn yẹn mọ́, tirẹ̀ ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹ fi àkísà fa ìtọ̀ náà, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ wá da fínígà tí ẹ pò mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì sí i, kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má da Hypo sórí ìtọ̀ tútù rárá. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ burú fún àyà. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò ná.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti wọlé, tó rí mi, á ká kò, á sì tọ̀.

Ìdáhùn: Ìbẹ̀rù nìyẹn. Ẹ má jágbe, ẹ má ranjú mọ́ ọn, ẹ lóṣòó kí ẹ tó kí i. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń dàgbà kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo máa ń dúró tì í lórí iyanrìn títí, kò ní tọ̀. A ò ní tíì wọlé tán, á tọ̀ sórí táìsì.

Ìdáhùn: Èyí gan-an ló le, òun sì ni wọ́n ń pè ní agídí. Kì í ṣe agídí. Níbo ni wọ́n ti tọ́ ọ? Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ni ọmọ ajá ti ń kúrò níbi tó ń sùn lọ tọ̀. Irú ilẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá mọ̀ kó tó pé bí ọ̀sẹ̀ 8 ni yóò máa wá kiri. Inú kéèjì tó ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ ajá tí ẹ ń rà.

Obìnrin kan láti àdúgbò Agric gbé irú rẹ̀ wá bá mi, abo Alsatian tó rà níbòmíì. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Iyanrìn ni gbogbo àgbàlá mi. Bí mo bá ti gbé ajá yìí sílẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á gbọ̀n ọ́n, á gbé èkejì, á wá kọjú sí ilẹ̀kùn. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, táìsì ilé ìdáná ló kù. Mo so ó mọ́ okùn, mo dúró tì í nínú òjò. Mo rò pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló ń dẹ́rù bà á, mo gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Pàbó ni.

Àfi lọ́jọ́ kan tó kọjá lórí iyanrìn, tó gun orí kọnkéré tí a fi bo sókáwéè, tó lóṣòó, tó sì tọ̀ wọ̀ọ̀. Ara mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wá táìsì tó ṣẹ́ kù nílé, mo tò ó sábẹ́ igi máńgòrò, mo tẹ́ àkísà tí mo fi nu ìtọ̀ rẹ̀ lé e. Bí mo ṣe gbé e débẹ̀ láàárọ̀, ó gbóòórùn, ó tọ̀. Mo wá ń wọ́n iyanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan sórí táìsì. Bó bá ti mọ́ ọn lára, mo fi kún un, títí a ò fi rí táìsì mọ́, mo wá ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí tiyín bá kọ̀, ẹ gbọn iyanrìn díẹ̀ kúrò, ẹ má kánjú. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò ráyè rìn fàlàlà nínú ilé: okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, tàbí kó wà nínú kéèjì rẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá fo ibí yìí, gbogbo ìyókù ò ní ṣiṣẹ́, torí táìsì ilé yóò ṣì máa pè é.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú máa mú un lọ sójú títì?

Ìdáhùn: Kó parí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ná. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n sì ń tún un gbà títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Kòkòrò parvo, àrùn èébì àti ìgbẹ́ olómi tó ń pa ọmọ ajá, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló di ti dókítà?

Ìdáhùn: Bó bá ti mọ ìta, tó wá ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀ léraléra, tó ń tiraka kó tó tọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ náà, tàbí tó ń mumi láìdá. Bó bá ń bì, tó ń yàgbẹ́ olómi, tí kò jẹun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Parvo kì í fún ọmọ ajá láyè. Ẹ má da epo pupa sí i lọ́fun, ẹ má ra Flagyl ní kẹ́míìsì. Ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ mú un dání fún dókítà ẹranko.