Ẹ Má Fi Ààfin Pe Ìlú: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Bá Wa Ṣètò Ìdàgbàsókè ní Èkìtì

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí sí ìlú kan níhà Ìkọ̀lé kí n wá wo ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í pọn omi níbi ẹ̀rọ omi tuntun tí wọ́n ṣe. Ó ti sú mi láti máa fẹnu sọ àṣìṣe tí ẹ̀yin tó ń bá ìlú ṣètò ìdàgbàsókè ń ṣe; mo kọ wọ́n sílẹ̀ báyìí.

1. Pípe mítìn lọ́jọ́ ọjà. Kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì yín kò mọ ọjọ́ ọjà wa. Ẹ bi ìyá aláta.

2. Lílẹ àfojúsùn ìdàgbàsókè 17 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lọ́dún 2015 mọ́ ògiri, kí ẹ wá ní kí ará oko mú ọ̀kan. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Ìkẹfà, tó jẹ́ ti omi mímọ́, á fúnra rẹ̀ yọjú.

3. Ààfin. Ẹ lọ kí Kábíyèsí o, dandan ni. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé ohun tí wọ́n sọ láàfin ni gbogbo ìlú ń fẹ́ ti tan ara rẹ̀ jẹ. Ta ni yóò dìde níwájú ọba àti ìjòyè, tí á ní òun ò fẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́? Ìyàwó ilé ni? Ọlọ́kadà? Àbí àwọn Ìgbìrà tó wà ní abà, tí omi odò ni wọ́n ń mu?

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wọ ìlú kan pẹ̀lú páálí ńlá àti bírò aláwọ̀ mẹ́rin, bí ọ̀gá. Ààfin ní gbọ̀ngàn ìlú ni àwọn ń fẹ́. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé iyán fún mi, mo jẹ àjẹyó. Bí mo ṣe ń wọ mọ́tò, ìyá kan tó ru ike omi dá mi dúró: “Ọmọ mi, ṣé inú gbọ̀ngàn yẹn la ó ti máa pọn omi ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ. Gbọ̀ngàn náà kò ní òrùlé títí dòní. Ewúrẹ́ ló ń ṣe mítìn níbẹ̀.

Nísinsìnyí, tí mo bá ti kí ọba tán, mo máa ń bá àwọn obìnrin jókòó lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, ará abà lọ́tọ̀. A ó ya àwòrán ìlú sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kálukú á fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tó ń dùn ún. Iye òkúta ni mo ń gbé padà sáàfin, kò sẹ́ni tí ojú á tì.

Ìkẹrin, àbí ìkarùn-ún ni: ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó fi WhatsApp yan iṣẹ́ fún ará ilé.

Owó ìlú náà ńkọ́? Nígbà iṣẹ́ CSDP, ètò ìdàgbàsókè ìlú àti àwùjọ tí Báńkì Àgbáyé kówó sí, ìlú ló ń mú ìdá kan nínú mẹ́wàá wá, ì báà ṣe owó, yanrìn tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Agbaṣẹ́ṣe tó bá bá wọn san án ti gba kànga lọ́wọ́ wọn. Bó bá bàjẹ́, wọ́n á ní kó wá tún nǹkan rẹ̀ ṣe.

Ti Ìkọ̀lé tí mo fi bẹ̀rẹ̀? Inú ọgbà ìjòyè kan ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ó sì ní ajá méjì.