Ìró Kan, Ẹran Kan: Bí Mo Ṣe Fi Kílíkà Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Ọmọ Ajá Wa

Kílíkà kò ju ike kékeré kan tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀. Tí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, irin náà á dún "kẹ́". Kò ní bátìrì, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Òun ni mo fi kọ́ Tanímọ̀ọ̀la, ọmọ ajá wa, láti jókòó, láti wá tí mo bá pè é, àti láti dúró jẹ́ẹ́ lórí tábìlì dókítà. Pàṣán ò kan ara rẹ̀ rí. Mò ń kọ èyí nítorí pé gbogbo ẹni tó bá wọ ilé wa l'Ákóbọ̀, n'Íbàdàn, ló ń béèrè bí mo ṣe ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti gbà lọ́kàn ara wọn pé ajá ìbílẹ̀ ò gbọ́ ẹ̀kọ́, àfi kéèyàn lù ú.

Irọ́ ni. Ajá ìbílẹ̀ ni tiwa. Mọkáníìkì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àbúrò mi ní Ìwó Road ló fún wa, a sì jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí a tó gbà á, torí àárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọmọ ajá ti ń mọ bí eyín rẹ̀ ṣe ń dun ẹlòmíì tó. Bàbá mi ni wọ́n sọ ọ́ ní Tanímọ̀ọ̀la, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn wọn sọ ajá. Láti gé orúkọ náà kúrú fún ìpè, a ò lè mú "Taní" níbẹ̀, nítorí "Ta ni yẹn?" la máa ń pariwo nígbàkigbà tí wọ́n bá kan géètì, ajá ò sì gbọdọ̀ máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán. Mọ̀la la wá ń pè é.

Ìlérí ni ìró kílíkà. Ohun tó ń sọ fún ajá ni pé: "Ohun tí o ń ṣe báyìí gan-an ni mo fẹ́, ẹran rẹ ń bọ̀." Gbogbo ìgbà tó bá dún, ẹran gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kódà tó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ìró kan, ẹran kan. Má fi pe ajá, má sì fi dá a lẹ́kun ohun tí kò dáa, torí ọjọ́ tó bá dún tí ẹran ò wá, iye rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lójú ajá. Èèyàn lè béèrè pé kí ló dé tí a ò kàn fi ẹnu yìn ín. Ẹnu ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ohùn wa náà ò sì dúró lójú kan: ohùn àárọ̀ tí mò ń sáré lọ síbi iṣẹ́ kọ́ ni ohùn ìrọ̀lẹ́ tí ara ti tù mí. Ìró kílíkà kì í yí pa dà, ó sì máa ń bọ́ sí ojú ẹsẹ̀ tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Bàbá mi ò kọ́kọ́ gbà. Ọmọ ọdẹ ni wọ́n, òwe tí gbogbo wa mọ̀ ni wọ́n sì fi dá mi lóhùn: "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Mo ní, "Bàbá, èyí tí kò sọnù ńkọ́? Kí ló jẹ́ kí òun máa gbọ́ fèrè?" Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní bàbá àwọn kì í fọn fèrè pe ajá kó dé kí wọ́n má gé nǹkan fún un nínú ẹran. Mo ní ohun tí mò ń wí náà nìyẹn.

Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé àwọn onímọ̀ ti tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní Rọ́ṣíà, Ivan Pavlov rí i pé itọ́ máa ń dà lẹ́nu ajá tó bá ti rí àmì pé oúnjẹ ń bọ̀, kí oúnjẹ fúnra rẹ̀ tó dé. Lọ́dún 1951, B. F. Skinner, ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Scientific American nípa bí èèyàn ṣe lè kọ́ ẹranko, ohun ìṣeré ọmọdé kan tó ń dún bí ìrẹ̀ ló sì dábàá fún àmì. Nígbà tí Karen Pryor ń kọ́ àwọn dọ́fíìnì inú òkun ní Hawaii ní àwọn ọdún 1960, fèrè ló lò, torí ẹja tí o bá jù fún dọ́fíìnì kò lè bá a lófuurufú níbi tó ti ń fò. Fèrè ló máa sọ fún un pé fífò yẹn ló gba ẹja. Òun wà lára àwọn tó gbé kílíkà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ajá nígbà tó yá, tí ó fi tàn kálẹ̀.

Gbogbo èyí, wọ́n kàn ń mi orí ni. Ọ̀rọ̀ òkété ló mú wọn. Ní Mòrógórò, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, àjọ kan tó ń jẹ́ APOPO ń fi kílíkà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ àwọn eku ńlá tó jẹ́ ìbátan òkété tiwa, kí wọ́n lè máa gbóòórùn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní Cambodia, ohun abúgbàù tó rí kó tó fẹ̀yìn tì lé ní 100, àjọ PDSA tó ń tọ́jú ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà lọ́dún 2020. Bàbá mi ní, "Òkété? Òkété tí à ń jẹ yìí?" Láti ìgbà náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń rán mi létí pé àkókò ẹ̀kọ́ Mọ̀la ti tó.

Ẹran nìkan ló lè sọ ìró yìí di ohun gidi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀dọ̀ màlúù láti ọjà Bódìjà ni mo lò jù. Mo sè é lómi lásán: kò sí iyọ̀, kò sí Maggi, kò sí àlùbọ́sà rárá, torí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Mo gé e wẹ́wẹ́ kó tó hóró ẹ̀wà kan, kó lè gbé e mì kíá, kó sì tún gbójú sókè wò mí. Tí ẹran bá tóbi, ajá á gbé e lọ sí kọ̀rọ̀ lọ jẹ, ẹ̀kọ́ ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ohun tí ajá ń jẹ púpọ̀ lójoojúmọ́, torí fítámì A inú rẹ̀ pọ̀, nítorí náà mo máa ń fi àyà adìẹ tí mo ti yọ egungun rẹ̀ àti ẹyin sísè pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n tó bá jẹ níbi ẹ̀kọ́, mo ń yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ alẹ́ rẹ̀.

Má kó ẹran náà sínú ọ̀rá. Ọ̀rá máa ń pariwo, kíá ni ajá á sì fi ariwo ọ̀rá ṣe àmì tirẹ̀, tí kò ní ka kílíkà sí mọ́. Mo ní kí télọ̀ fi àjákù ańkárá rán àpò kékeré kan fún mi tí mo so mọ́ ìbàdí. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú àpò kí ìró tó dún.

Kí n tó kọ́ ajá, ọwọ́ ara mi ni mo kọ́kọ́ kọ́. Àbúrò mi á ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ láti òkè, èmi á sì tẹ kílíkà ní àkókò tó bá kan ilẹ̀. Á ní, "Àǹtí, ẹ pẹ́," a óò tún un ṣe. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì ni, torí ohun tí ajá ń ṣe nígbà tí ìró bá dún lòun máa rò pé a sanwó fún.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Mọ̀la. Yàrá tí kò kọjú sí títì ni mo lò, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ò dún. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ wé kílíkà, mo sì gbé e sẹ́yìn, torí ìró rẹ̀ le fún etí ọmọ ajá, èyí tó bá sì dẹ́rù bà nígbà àkọ́kọ́ lè máa sá fún un. Kẹ́, ẹran. Kẹ́, ẹran. Mò ń yí ibi tí mo wà àti ibi tí mo ti ń fún un pa dà, kó má rò pé jíjókòó mi lórí ẹní ló ń mú ẹran wá. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì, mo kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń wá a. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó ti yé e ni pé ó ń gbóòórùn abẹ́ àga lọ, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi, mo tẹ kílíkà, ó sì yí orí pa dà kíá láti wá ẹran rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí kílíkà rà lè lo bírò tó ń dún nídìí, tàbí ìdérí irin ìgò jáàmù tí àárín rẹ̀ máa ń dún téèyàn bá tẹ̀ ẹ́.

Ìjókòó rọrùn. Mo gbé ẹran sí iwájú imú rẹ̀, mo rọra gbé e kọjá sókè orí rẹ̀. Bí orí ti ń lọ sókè ni ìdí ń lọ sílẹ̀. Ìdí kan ilẹ̀, kẹ́. Lẹ́yìn díẹ̀, ọwọ́ òfìfo ni mo fi ń ṣe bákan náà, ẹran á sì ti inú àpò wá. Ìgbà tó ti ń jókòó láìṣiyèméjì ni mo tó fi ọ̀rọ̀ "jókòó" síwájú rẹ̀. Tí a bá tètè ń sọ "jókòó, jókòó, jókòó" sí ajá tí kò tíì mọ ohun tó jẹ́, ariwo lásán la fi ń kún etí rẹ̀. Mo sì ní kí gbogbo ilé fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan. Ìyá mi ń sọ pé "fìdí kalẹ̀," àbúrò mi ń sọ pé "sit," ajá ń wo ẹnu gbogbo wọn. A kọ ọ̀rọ̀ tí a fẹnu kò lé lórí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò, ni fífi imú kan àtẹ́lẹwọ́. O kàn na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò jìnnà. Ọmọ ajá á fẹ́ gbóòórùn rẹ̀, bí imú bá ti kàn án, kẹ́. Lẹ́yìn náà ọwọ́ á máa lọ díẹ̀díẹ̀ sí òsì, sí ọ̀tún, sí ìsàlẹ̀, sí òdìkejì yàrá. Láìpẹ́, ibi tí o bá na ọwọ́ sí ni ajá máa lọ. Inú rẹ̀ ni mo ti mú "wá" jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí n tó dán an wò níwájú ilé níbi tí ewúrẹ́ àti ọ̀kadà ti ń kọjá. Mo sì ní òfin kan tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni nílé rú: a kì í pe Mọ̀la wá fún ohun tí kò fẹ́. Tí a bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, àwa la ó lọ bá a.

Ní ti fífò mọ́ àlejò, mò ń tẹ kílíkà nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀, mo sì ń bẹ àlejò kí wọ́n yí ẹ̀yìn sí i tó bá fò. Aṣọ funfun àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ló jẹ́ kí gbogbo ilé tètè fọwọ́ sí èyí.

Ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ pé kò yẹ kó máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìta kiri, torí àrùn pavo tó ń pa ọmọ ajá máa ń pẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀. Àmọ́ kó tó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ló yẹ kí ojú rẹ̀ là sí ohun ayé, nítorí náà gbígbé ni mo ń gbé e jáde: kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹni tó ru ẹrù, gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, tó bá ti wò ó jẹ́ẹ́, kẹ́, ẹran. Nílé, mò ń fọwọ́ kan etí rẹ̀, mò ń tẹ kílíkà; mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo tẹ kílíkà; mo fún awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ pọ̀, mo fi ìdérí bírò gún un fẹ́rẹ́, mo tẹ kílíkà. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ẹranko ní Mọ́kọ́lá fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tí wọ́n máa ń fún wọn láti bí oṣù mẹ́ta, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́ mi títí dókítà fi ṣe tán. Wọ́n bi mí pé ṣé ó ti ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni, tó fi dákẹ́ báyẹn. Mo fi kílíkà hàn wọ́n.

Mi ò mú un dání mọ́ fún "jókòó" àti "wá". Ohun tí ajá bá ti mọ̀, "ó káre" àti ẹran lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó fún un. Ohun tuntun ni kílíkà wà fún. Okùn ló kàn wá báyìí. Mò ń tẹ kílíkà nígbà tí okùn bá dẹ̀ láàárín èmi àti Mọ̀la. Tó bá fà, mo dúró, a ò lọ síbì kankan. A ti ń rìn dáadáa dé ẹnu géètì ilé kejì. Àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu níwájú ìsọ̀ oníṣu ṣì ń fà á lójú ju ẹ̀dọ̀ lọ, nítorí náà òkèèrè la ti ń wò wọ́n ná, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó sún mọ́ wọn díẹ̀ sí i.