Wọ́n mú ọmọ yín pé ó lo orúkọ olórúkọ? Bẹ́ ẹ ó ṣe bá ẹjọ́ náà yí ní Ìlọrin nìyí

Affidavit, ìyẹn ìwé ìbúra, ni mo ń tẹ̀ nítòsí kóòtù ní Ìlọrin níbí, iwájú kọ̀ǹpútà mi sì ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń jókòó sí tí wọ́n á bú sẹ́kún. Ọmọ fi fọ́tò òyìnbó ṣí Facebook, ó ń pera ẹ̀ ní sójà Amẹ́ríkà, tàbí ó fi NIN ẹlòmíì forúkọ síìmù sílẹ̀, tàbí, èyí tó máa ń dùn mí jù, ó kàn yá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ATM ni, owó jìbìtì wá gba inú account ẹ̀ kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó wà, EFCC ni àbí ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì mọ orúkọ ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn ò le. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, ní tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀, kóòtù ò sì jìnnà sẹ́nikẹ́ni nígboro Ìlọrin. Tí wọn ò bá rí ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú ìyá ẹ̀ dípò, òfin ACJA ti 2015, ìyẹn òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, abala 7, ò gbà bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, statement, ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí wọ́n mú sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọmọ tó yá èèyàn ní ATM, ẹ̀rù bà á, wọ́n ní kó kọ tẹnu ẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun ti ń ṣe yahoo láti ọdún mẹ́ta, torí ẹnì kan nínú ẹbí ti sọ fún un lórí fóònù pé ṣáà gbà, wọ́n á fi ẹ́ sílẹ̀. Wọn ò fi í sílẹ̀ o! Ìwé yẹn ni wọ́n gbé síwájú adájọ́. Abala 35 yẹn náà ló sọ pé ó lè dákẹ́ títí á fi rí lọ́yà ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìdákẹ́ ẹ̀ ti fi hàn pé ó jẹ̀bi. Tí ò bá sówó lọ́yà, ẹ lọ sí Legal Aid Council, tàbí kẹ́ ẹ ní kí ẹnì kan tó fọkàn tán jókòó tì í, abala 17 ACJA fàyè gba ìyẹn, bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, bó jẹ́ alfa àdúgbò. Àmọ́ kẹ́ni náà mọ̀wé, kó sì lè ka ohun tí wọ́n kọ jáde sétí ọmọ kó tó fọwọ́ sí i.

Ohun kan tún wà tí mo ti kọ̀ láti máa tẹ̀: lẹ́tà àforíjì. Àwọn òbí á wá, wọ́n á ní kí n bá ọmọ kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣàánú òun, òun ò ní ṣe é mọ́. Ẹ̀bẹ̀ lẹ pè é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á ní kóòtù á ní ọmọ ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ẹ má kọ ọ́, kódà bí wọ́n bá ní dandan ni.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n lù ú kó tó kọ statement, ẹ sọ fún lọ́yà lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ìwé náà kalẹ̀ ni lọ́yà ti gbọ́dọ̀ ta kò ó, kí adájọ́ lè kọ́kọ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe gbà á. Tí ìwé bá ti wọlé tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń pariwo, ó ti pẹ́. Ẹ ra exercise book ẹlẹ́yìn líle kan, ẹ máa kọ déètì, aago àti orúkọ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá rí. Ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù, wọ́n lè gba fóònù. Tówó exercise book ò bá sí, ìwé tọ́mọ lò kù náà dáa.

Tí ṣáàjì, ìyẹn ìwé ẹ̀sùn, bá jáde, ẹ wo nọ́ńbà abala tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ abala 22 òfin Cybercrimes ti 2015, òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ni. Tó bá jẹ́ Penal Code, 321 àti 324, ó sábà máa ń jẹ́ kóòtù gíga ìpínlẹ̀. Penal Code la ń lò ní Kwara torí inú ilẹ̀ Àríwá la wà tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ fi Criminal Code da yín lọ́kàn rú.

Bélì: ẹ wá onídùúró nínú ẹbí, ẹ má háyà ẹnikẹ́ni.

Plea bargain ni wọ́n fi ń parí ọ̀pọ̀ nínú ẹjọ́ yìí. Ọmọ á gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n á dín ẹ̀sùn tàbí ìyà kù, á dá owó padà, fóònù á di ti ìjọba. Kò burú tó bá jẹ́ lóòótọ́ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ni wọ́n dá a yẹn, ó ti wọ àkọsílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ fáìnì ló san. Abala 270 ACJA sì sọ pé adájọ́ lè rí i pé ìyà tí wọ́n fẹnu kò lé lórí kéré jù, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ, ọmọ lè fà sẹ́yìn, kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́tun níwájú adájọ́ mìíràn. Tí òyìnbó ò bá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kó ní Yorùbá lòun fẹ́, abala 36 ìwé òfin ti 1999 ló ní kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti rí ọmọ tó dáhùn “yes sir” sí ohun tí ò yé e.

Owó tó bá máa dá padà, ẹ san án ní báńkì bí ìwé kóòtù ṣe sọ, ẹ má kó o lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì ṣe fótókópì tẹ́là méjì. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá parí, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí registry, ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ìwé ẹjọ́ sí ní kóòtù, fún ẹ̀dà ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀ kóòtù. Òun lẹ máa gbé lọ sí báńkì tí account ẹ̀ bá ṣì wà ní títì.